Àpérò Tó Gba Máàkì Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti ń to àga fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí ìdì kọ́kọ́rọ́ tó máa ń dún ní ìbàdí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Òun ló ń tọ́jú Gbọ̀ngàn Ńlá àti yàrá ìpàdé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ló ń ṣí wọn, òun ló ń gbá wọn, òun ló ń tì wọ́n, òun nìkan ló sì mọ àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú.

Ó ní ọ̀nà tirẹ̀ láti mọ àpérò tó dára, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni àfi ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Àga ló máa ń wò. Bí ìpàdé bá tú tán tí gbogbo àga ṣì wà lórí ìlà bí òun ṣe tò wọ́n láàárọ̀, á mọ̀ pé kò sí ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ju oorun àti àtẹ́wọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá bá àwọn àga tí wọ́n ti yí kọjú sí ara wọn, mẹ́ta níhìn-ín, márùn-ún lọ́hùn-ún, tí ọ̀kan ti dé ẹsẹ̀ pátákó ìkọ̀wé, á mọ̀ pé àwọn ènìyàn jiyàn níbẹ̀, pé ẹnì kan dìde lọ ya nǹkan fún ẹnì kejì kó lè yé e. Á máa kùn bó ti ń tò wọ́n padà, ṣùgbọ́n ìkùn bẹ́ẹ̀ kì í dénú.

Yunifásítì ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí wọ́n ní kí ó máa díwọ̀n bí àpérò àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe dára tó. Ọkùnrin kan ni wọ́n fi síbẹ̀, kálámù mẹ́ta kì í kúrò ní àpò ẹ̀wù rẹ̀, kò sì pẹ́ tí gbogbo ènìyàn fi ń pè é ní Máàkì. Ojú ewé mẹ́rin ni fọ́ọ̀mù Máàkì ní. Ó ń béèrè iye ènìyàn tó wá, iye orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wá, iye pépà tí wọ́n kà, iye àlejò pàtàkì. Ó ń béèrè bóyá wọ́n pín báàgì, bóyá tíì gbóná, bóyá gbogbo wọn jọ ya fọ́tò. Kò sí ibì kan lójú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ti béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kọ́. Máàkì fúnra rẹ̀ kì í jókòó. Á yọrí lẹ́nu ilẹ̀kùn, á fi ṣóńṣó kálámù ka orí, á fa ìlà, á lọ.

Òfin kan ló mú ọ̀rọ̀ náà di wàhálà. Ìpàdé tí máàkì rẹ̀ kò bá pé ogójì nínú ọgọ́rùn-ún fún ọdún méjì léra, wọn á pa á rẹ́, wọn á sì gbé yàrá àti ọjọ́ rẹ̀ fún èyí tó ń ṣe dáadáa.

Ìpàdé Omi Kànga ni òfin yìí dojú kọ. Ọmọ Bàbá Kọ́kọ́rọ́ obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló dá a sílẹ̀. Olùkọ́ ni ní yunifásítì náà, omi kànga ló ń kọ́ nípa rẹ̀, Olómi sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Lọ́dọọdún, fún ọjọ́ méjì, àwọn bíi méjìlá á péjọ sí yàrá kékeré: olùkọ́ díẹ̀, wolé-wolé méjì, àwọn tó ń gbẹ́ kànga, obìnrin kan tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn. Oníkálùkù á gbé ìgò omi kan wá láti inú kànga àdúgbò rẹ̀, wọn á yẹ̀ ẹ́ wò lójú ara wọn. Òfin kan ni Olómi ṣe fún wọn. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohun tó mọ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ibi tó ti ṣì í lọ́dún tó kọjá.

Lọ́dún tó kọjá, Máàkì fún wọn ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Olómi rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá, wọ́n ní a ò ní báàgì," ló wí.

Oṣù kẹjọ rèé tí àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mú un lọ. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ gba ọjọ́ méje, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹjọ, ó to igba àga. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Kìkì pé kò ní kọjá lẹ́nu yàrá kékeré kó má fọwọ́ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ wò bóyá ó wà ní títì, bẹ́ẹ̀ òun náà ló tì í.

Ọ̀rẹ́ Olómi ló ń bá ìpàdé náà lọ, olùkọ́ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Onígò nítorí ìgò omi tí kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe tọdún yìí tán, ó wá bá Bàbá nínú yàrá ìkẹ́rùsí níbi tó ti ń fi òróró sí irin ìdè ilẹ̀kùn kan tó ń dún.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Onígò. O ò gbé ìgò lónìí."

"Ìgò ti sú mi, Bàbá. Máàkì wa ti jáde. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."

"Nínú ogójì?"

"Nínú ọgọ́rùn-ún. Mẹ́fà ló kù kó tó ogójì."

"Kí ni wọ́n ní ẹ ò ní?"

"Àlejò láti òkè òkun. Fọ́tò. Báàgì."

"Báàgì! Kí lẹ fẹ́ fi báàgì ṣe? Ṣé inú ẹ̀ lẹ fẹ́ máa pọn omi sí ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Onígò láìfẹ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ó mú ìwé kan jáde nínú fáìlì rẹ̀, ìwé tí àwọn tó wá sí ìpàdé fi buwọ́ lùwé. Orúkọ méjìlá ló wà lókè rẹ̀, ìyókù funfun.

"Máàkì ní tí a bá rí orúkọ méjìdínlógún fi kún un, á di ọgbọ̀n, á sì gbé wa kọjá. Ó ní òun ò ní béèrè ibi tí wọ́n ti wá, pé títí di ọjọ́ Ẹtì òun ò tíì pa ìwé náà dé. Mo ti bá àwọn kan sọ̀rọ̀. Mo ní kí ẹ̀yin àti Màmá náà bá wa buwọ́ lù ú."

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ gbé agolo òróró sílẹ̀.

"Ṣé a wá?"

"Ẹ̀yin lẹ ṣílẹ̀kùn fún wa, Bàbá."

"Ẹni tó ṣílẹ̀kùn kọ́ ló jókòó. Ìyá ẹ ò tilẹ̀ mọ ọ̀nà ibẹ̀."

"Bàbá, wọ́n máa pa á rẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ìgbìmọ̀ á jókòó. Olómi á ti lọ, iṣẹ́ ẹ̀ náà á tún lọ."

"Olómi ló ní kí oníkálùkù kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe ẹ̀ kó tó lanu. Ṣé irọ́ lo wá fẹ́ fi gba irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀? Dá ìwé ẹ padà sínú fáìlì, ọmọ mi. Tí wọ́n bá máa pa á, kí wọ́n pa á bó ṣe wà."

Onígò dá ìwé padà. Kò bínú, ṣùgbọ́n kò kí i pé ó dàbọ̀. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ gbé agolo òróró, ó sì ń fi òróró sí irin kan náà títí tí ó fi ń kán sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni Àpérò Ńlá wáyé. Ti ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní Alága ni, ọkùnrin tí kì í gbé fáìlì ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ rárá. Àkòrí àpérò náà gba ìlà mẹ́ta gbáko lára aṣọ ìkéde tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó kà á dópin kò lè sọ ohun tó kà. Ọ̀ọ́dúnrún àga ni wọ́n ní kí Bàbá tò. Ó tò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, gbọ̀ngàn kún. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló sọ ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀, ẹni kẹsàn-án sì kí àwọn mẹ́jọ tó ti kíni ṣáájú. Wọ́n pín báàgì. Wọ́n jáde lọ ya fọ́tò lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò tán, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ka àwọn tó padà wọlé. Mọ́kànlélọ́gọ́ta. Àwọn yòókù ti gbé báàgì wọn lọ.

Lọ́sàn-án, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka pépà, iṣẹ́jú méje fún ẹnì kan. Ọkùnrin kan ka tirẹ̀ fún ènìyàn mẹ́ta: ẹni tó ń darí ìjókòó, ẹni tó ń wo aago, àti ẹni tí yóò kà tẹ̀lé e, tí òun náà ń fi ètè ka tirẹ̀ lọ́wọ́. Obìnrin kan kí wọn lórí fóònù láti òkè òkun, ohùn rẹ̀ ń já; wọ́n kà á sí orílẹ̀-èdè kan. Òmíràn kò rí àyè wá, ó fi lẹ́tà ránṣẹ́; wọ́n ka òun náà sí orílẹ̀-èdè kan. Máàkì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fa ìlà, inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ déédéé.

Nígbà tí ó parí lọ́jọ́ kẹta, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wọlé láti to àga. Kò bá nǹkan kan tò. Àwọn àga náà wà lórí ìlà gbọnrangandan bí ọmọ ogun. Ó yínmú sí wọn, ó pa iná.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e ni Máàkì wá pẹ̀lú páálí ńlá méjì. Fọ́ọ̀mù Àpérò Ńlá ló wà nínú wọn, èyí tí àwọn tó wá kọ èrò ọkàn wọn sí, òfin sì ni pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Bàbá ṣí yàrá ìkẹ́rùsí fún un. Bí wọ́n ti gbé páálí kejì sókè, ìdí rẹ̀ já, fọ́ọ̀mù sì tú yàà sílẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Nọ́ńbà wà lórí ẹ̀. Ká kó o bí nọ́ńbà ṣe tẹ̀lé ara wọn."

Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń ṣa á. Igba ó lé mọ́kànlá. Igba ó lé méjìlá. Igba ó lé mẹ́tàlá. Èyí tó tẹ̀lé e, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ mú un, kò sì gbé e lé èyí tó ṣáájú. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, orúkọ àbísọ àti orúkọ bàbá, lẹ́tà kan kò yẹ̀.

Ó dìde nílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó gbé e sún mọ́ fèrèsé. Wọ́n ti fi kálámù aláwọ̀ búlúù buwọ́ lù ú ní ibi mẹ́ta, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

"Máàkì, ta ló kọ eléyìí?"

"Ẹni tó lorúkọ ni, Bàbá."

"Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Èmi? Wọ́n lé ní ọ̀ọ́dúnrún o! Ta ló fẹ́ mọ̀ wọ́n tán?" Máàkì na ọrùn wò ó. Nọ́ńbà ló fi ń mọ ìpàdé. Kò mọ Olómi ju obìnrin kan lọ tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, tó máa ń rẹ́rìn-ín sí fọ́ọ̀mù rẹ̀. "Áà, ẹni yìí gbádùn ẹ̀ gan-an. Ẹ wò ó: márùn-ún nínú márùn-ún, látòkè délẹ̀. Ká ní gbogbo wọn lè rí báyìí!"

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wo ojú rẹ̀. Kò rí èrò ibi kankan níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ló burú.

"Báwo lẹ ṣe ń rí orúkọ wọ̀nyí?"

"Ọ́fíìsì Alága ló ń kó o wá. Àwọn tọdún tó kọjá ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, wọ́n á wá fi tuntun lé e. Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé iye gbọ́dọ̀ máa gòkè lọ́dọọdún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ máàkì á já."

Olómi lọ sí Àpérò Ńlá lọ́dún tó kọjá lóòótọ́. Iṣẹ́jú méje ni wọ́n fún un.

"Mo fẹ́ yá a," ni Bàbá wí.

"Ìwé ni ẹ máa buwọ́ lù kẹ́ ẹ tó mú un jáde o."

"Gbé e wá."

Ó kọ orúkọ ara rẹ̀, ó kọ ọjọ́, ó kọ aago, ó sì ká fọ́ọ̀mù náà pọ̀ sí méjì sínú àpò àyà.

Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ tó gbẹ nígbà tó délé, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣì wà lára ògiri. Bàbá jókòó kó tó kí i, ìyàwó náà sì mọ̀ pé nǹkan wà.

"Baálé mi, ta ló ṣe yín?"

Ó na fọ́ọ̀mù sí i. Obìnrin náà wá awò ojú rẹ̀, ó sì kà á ní ìdúró.

"Ìwé Olómi kọ́ lèyí."

"Mo mọ̀."

"Olómi kì í fa ìrù ìbuwọ́lùwé ẹ̀ báyìí."

"Mo mọ̀, ìyá ọmọ mi."

Ó ń kà á lọ sísàlẹ̀, ìka rẹ̀ ń tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan. Gbọ̀ngàn: ó dára púpọ̀. Tíì àti bísíkíìtì: ó dára púpọ̀. Ohun tí mo kọ́: púpọ̀púpọ̀. Ó dé ìbéèrè ìkẹyìn, ó dúró. Wọ́n béèrè níbẹ̀ bóyá ẹni náà yóò tún wá. Ó kà á sókè.

"'Pẹ̀lú ayọ̀. Ẹ máa rí mi lọ́dún tó ń bọ̀.'"

Ó gbé ìwé náà lé orí aṣọ tó ti ká. Ó mú un, ó tún gbé e síbòmíràn, bíi pé kò mọ ibi tó yẹ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé. Lẹ́yìn náà ó jókòó ti ọkọ rẹ̀.

"Ọdún mẹ́fà ló fi pè mí síbi ìpàdé ẹ̀," ló wí. "'Màmá, ẹ wá, ọ̀rọ̀ kànga ni, kò le.' Mo ní ọ̀rọ̀ ìwé ni, kí ni mo fẹ́ wá gbọ́. Kí ló dé tẹ́ ò fi mú mi lọ tipátipá?"

"Ta ló ń mú ọ tipátipá?"

Ẹ̀rín díẹ̀ yọ lójú obìnrin náà, ó sì tún parẹ́.

"Kí lẹ wá fẹ́ ṣe sí eléyìí?"

"Mo máa bi wọ́n níbi tó jókòó sí."

Ọjọ́ Ajé ni ìgbìmọ̀ jókòó. Igbákejì ọ̀gá yunifásítì ló darí rẹ̀, obìnrin orí ewú kan tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Àgbà. Alága wà níbẹ̀, Máàkì wà níbẹ̀, àwọn olùkọ́ mẹ́rin mìíràn wà níbẹ̀. Onígò jókòó sí ìkángun tábìlì bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ló ń bu omi sínú ife.

Alága dìde. "Ìyá wa, tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ ni mo fi sọ ọ́ pé mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni àpérò wa gbà."

"Mẹ́ta tó kù ńkọ́?"

"Tíì ló tutù lọ́jọ́ kejì, Ìyá wa. A ti gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lórí ẹ̀." Ó tún ọrùn ẹ̀wù ṣe. "A ti tóbi ju gbọ̀ngàn lọ báyìí. Tí wọ́n bá pa ìpàdé kékeré yẹn rẹ́ bí òfin ṣe wí, ká fún wa ní yàrá ẹ̀. Àwọn àlejò pàtàkì nílò ibi tí wọ́n á ti máa nara."

Wọ́n ní kí Onígò sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní nítorí ohun tí wọ́n rí nínú ìgò omi méjì lọ́dún kẹta ìpàdé náà, wọ́n ti dí kànga méjì, wọ́n sì gbẹ́ wọn síbòmíràn, àwọn ọmọ àdúgbò náà kò sì ṣu ẹ̀jẹ̀ mọ́.

"Níbo ni ìyẹn wà nínú fọ́ọ̀mù?" Ìyá Àgbà béèrè.

"Kò sí ibi tí wọ́n ti béèrè ẹ̀, mà."

"Ó dùn mí, ọmọ mi. Ohun tó wà níwájú wa la lè wò."

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ gbé jọ́ọ̀gì omi kalẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ní ìbéèrè kan."

"Bàbá Kọ́kọ́rọ́!" Alága yíjú sí i tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ṣé àga ló fọ́ ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rọ̀ àga náà ni, sà. Ẹni igba ó lé mẹ́rìnlá nínú àpérò yín, níbo ló jókòó sí?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ìyẹn?"

"Ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló buwọ́ lùwé. Ó mu tíì, ó ní ó dára púpọ̀. Ó ní ẹ máa rí òun lọ́dún tó ń bọ̀. Ó yẹ kí ẹnì kan rántí ibi tó jókòó sí."

Ó fa fọ́ọ̀mù náà yọ ní àpò àyà, ó gbé e síwájú Ìyá Àgbà. Obìnrin náà ka orúkọ. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde sọ̀rọ̀ lórúkọ yunifásítì níbi ìsìnkú Olómi.

"Ọmọ yín kọ́ nìyí?"

"Òun ni, mà."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu gbogbo wọn. Máàkì wo Bàbá, ó wo fọ́ọ̀mù, ó sì tẹ orí ba bí ẹni pé wọ́n gbá a létí.

"Àṣìṣe kọ̀ǹpútà ni," Alága wí.

"Kálámù ni wọ́n fi kọ ọ́, sà."

"Ẹ má bínú, Bàbá. A máa yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀."

"Tí a bá yọ ọ́," Máàkì sọ, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí ẹnu rẹ̀ lè sọ, "mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún lé díẹ̀ ló máa..."

"Máàkì, gbé kálámù yẹn sílẹ̀." Ìyá Àgbà kò pariwo. "Ènìyàn mélòó ló wá síbi àpérò yìí gan-an?"

Gbogbo wọn ń wo ife omi.

"Lẹ́yìn fọ́tò, mọ́kànlélọ́gọ́ta, mà," Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wí. "Lọ́jọ́ kejì, mẹ́tàlélógójì. Lọ́jọ́ kẹta, mọ́kàndínlógún. Mẹ́rin nínú wọn ń sùn."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ máa ka ènìyàn?" Alága bínú báyìí.

"Èmi ni mo ń to àga, sà. Ẹni tó ń to àga gbọ́dọ̀ mọ iye ìdí tó jókòó."

Ẹnì kan húkọ́ láti fi bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Alága rí i pé ilẹ̀ ti ń yọ̀ lábẹ́ òun, ó sì rọ ohùn rẹ̀ bí òróró.

"Ìyá wa, mo ní àbá kan. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ ọmọ yìí sọ Àpérò Ńlá tọdún tó ń bọ̀. Kí a kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́nu ọ̀nà. Ká fi bọlá fún un."

"Rárá, sà."

"Bàbá, ọlá ni o!"

"Ẹ ti lo orúkọ ẹ̀ tó, sà."

Ìyá Àgbà ló bi Bàbá pé kí ló fẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ ju kí wọ́n fi yàrá kékeré sílẹ̀ fún Ìpàdé Omi Kànga ní ọjọ́ méjèèjì tó máa ń ní lọ́dún. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n fi máàkì kan kún un.

Ìpinnu tí ìgbìmọ̀ ṣe lọ́jọ́ náà, irú wọn nìkan ló lè ṣe é. Wọn kò sọ pé Àpérò Ńlá purọ́, wọn kò sì sọ pé Ìpàdé Omi Kànga dára. Wọ́n ní gbogbo ìdíwọ̀n dúró ná, máàkì ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe é ní àǹfààní tàbí ìpalára, títí wọn yóò fi ṣe àpérò kan lórí bó ṣe yẹ kí a máa díwọ̀n àpérò. Wọ́n fi Alága ṣe alága rẹ̀.

Wọ́n ṣe é lóòótọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ to igba àga. Wọ́n kíni káàbọ̀, wọ́n pín báàgì, wọ́n ya fọ́tò. Lọ́jọ́ kẹta ó wọlé, àwọn àga wà lórí ìlà, kò fọwọ́ kan ẹyọ kan.

Ó ku bí oṣù mẹ́rin kí ikú Olómi pé ọdún méjì ni Ìpàdé Omi Kànga tún dé. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ṣí yàrá kékeré láàárọ̀, ó nu tábìlì, ó to àga mẹ́tàlá. Méjìlá jẹ́ ti àwọn tó ti ń wá tẹ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ni ẹ̀kẹtàlá. Ó dé pẹ̀lú ìgò omi kan nínú àpò, ó sì jókòó sétí ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ tètè lọ.

Onígò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, bí òfin wọn ṣe wí. "Àṣìṣe tèmi lọ́dún tó kọjá," ó wí, "ni pé mo fẹ́ fi orúkọ àwọn tí ò wá kún ìwé ìpàdé yìí. Ẹnì kan ló gba ìwé náà kúrò lọ́wọ́ mi." Kò sọ ẹni náà. Wolé-wolé kan ní òun ṣi òṣùwọ̀n kan kà, gbogbo wọn sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ náà yí ká títí ó fi dé etí ilẹ̀kùn.

"Màmá, àlejò ni yín, kò di dandan," Onígò wí.

Obìnrin náà ti ìgò síwájú.

"Ọdún mẹ́fà ni ọmọ mi fi ń pè mí síbí. Mi ò wá. Àṣìṣe tèmi nìyẹn." Ó ṣí ìdérí ìgò náà. "Kànga ẹ̀yìnkùlé wa nìyí. Tí òjò bá ti rọ̀, omi ẹ̀ máa ń rùn bí ìṣó tó dípẹtà. Mo fẹ́ mọ ìdí ẹ̀."

Bí wọ́n ṣe wọ́ àga nìyẹn. Agbẹ́kànga kan ní irin inú ilẹ̀ ni, obìnrin ilé ìwòsàn ní kò lè jẹ́ irin nìkan, ẹnì kan dìde lọ ya kànga sára pátákó, ẹlòmíràn gba ẹfun lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni omi ṣe ń wọlé. Láàárín iṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí àga kan tó ṣì wà níbi tí Bàbá tò ó sí, ti ìyàwó rẹ̀ sì ti kúrò létí ilẹ̀kùn, ó ti bọ́ sí àárín.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Máàkì bá a níbẹ̀. Láti ọjọ́ ìgbìmọ̀ kò lè wo ojú Bàbá tààrà mọ́. Ó na ìwé kan sí i tìtìjú-tìtìjú.

"Bàbá, fọ́ọ̀mù tuntun nìyí, èyí tí wọ́n fẹnu kò lé lórí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dán an wò ni. Ojú ewé mẹ́jọ ni báyìí. Ẹ bá mi gbé e fún Onígò."

"Ṣé wọ́n béèrè ohun tí wọ́n kọ́ nínú ẹ̀?"

Máàkì ṣí i, ó wá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Wọ́n béèrè bóyá báàgì ní síìpù," ó wí nígbẹ̀yìn.

"Wọlé wá jókòó, kí o gbọ́ nǹkan."

"Èmi? Èmi kì í jókòó, Bàbá. Mo ní ibi mẹ́ta mìíràn láti kà." Ó sì lọ.

Nínú yàrá, Onígò gbójú sókè. "Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́? Ẹni tó ṣílẹ̀kùn náà lè jókòó o."

Àga kan ṣoṣo ló kù nínú yàrá náà, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ gbé e sáàárín wọn. Ó ká fọ́ọ̀mù Máàkì ní méjì, ó tún un ká ní mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ki í sábẹ́ ẹsẹ̀ tó kúrú náà. Ó bá a mu wẹ́kú. Ó jókòó, àga náà kò mì.

"Àṣìṣe tèmi..." ló bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn sì dákẹ́ láti gbọ́.